Ọkọ̀ Ojú Irin Kọjá Wa. Kí Ti Ayélujára Má Ṣe Kọjá Wa

Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ Ìròyìn kọ fún kíkà sétí àwọn ará ìlú ní àwọn ilé ìwé-kíkà agbègbè Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́. Kí ẹni tí yóò kà á kà á ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí ó sì máa dúró ní òpin ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan kí àwọn ènìyàn lè bi í ní ìbéèrè.

Kò rọrùn fún ẹni tí ó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ láti òwúrọ̀ láti tún wá jókòó gbọ́ ọ̀rọ̀. Nítorí náà n kò ní í fi àkókò yín ṣòfò.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ jẹ mọ́ àwọn ẹ̀rọ tuntun tí ó gba ayé kan: fóònù alágbèéká, kọ̀ǹpútà, àti ayélujára tí ó so gbogbo wọn pọ̀. Àwọn kan ti sọ fún wa pé àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí yóò sọ olówó àti tálákà, ará ìlú ńlá àti ará oko, di ọgbọọgba. Àwọn mìíràn ní ìparun ni wọ́n mú wá. Èrò tèmi ni pé ẹ̀rọ kò ní inúure, kò sì ní ìkà nínú. Ọ̀nà ni ó jẹ́. Ìṣe ọ̀nà ni pé kí ó gbé ẹni tí ó wà létí rẹ̀ ga, kí ó sì fi ẹni tí ó jìnnà sí i sílẹ̀, àfi bí a bá la ọ̀nà kékeré láti ibẹ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìtàn ìlú wa fúnra rẹ̀ yóò jẹ́rìí sí èyí.

ỌNÀ IRIN TÍ KÒ GBA Ọ̀DỌ̀ WA

Ní ọdún 1901 ni ọkọ̀ ojú irin tí ó ti Èkó bọ̀ dé Ìbàdàn. Ẹni tí ó bá mọ ojú ilẹ̀ wa lè rò pé, bí wọ́n bá fẹ́ tẹ́ irin náà lọ sí Ìlọrin, Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ ni yóò gbà, nítorí pé ọ̀nà náà ni ó tọ́ jù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n yí i sí ìhà ìlà-oòrùn, ó gba Òṣogbo, ó gba Ọ̀fà, kí ó tó dé Ìlọrin. Ọ̀yọ́ Aláàfin kò rí i. Ògbómọ̀ṣọ́ Ajílété kò sì rí i.

Kí ni ó tẹ̀yìn èyí wá? Ní Òṣogbo, àwọn ilé-iṣẹ́ òyìnbó kọ́ ilé ìtajà, àwọn èrò rọ́ wá láti ìlú gbogbo, Òṣogbo sì di ọjà ńlá. Àwọn baba tiwa, tí irin kò gba ọ̀dọ̀ wọn, ní láti gbé ẹrù lọ bá ọkọ̀ níbi tí ó gbé wà.

Ní ti Ọ̀yọ́, ìjọba la ọ̀nà mọ́tò láti Ìbàdàn dé ibẹ̀ ní ọdún 1906, ọ̀nà tí a kà sí àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní gbogbo Nàìjíríà, kí mọ́tò lè máa kó èrò àti ẹrù lọ pàdé ọkọ̀ ojú irin. Ní ti Ògbómọ̀ṣọ́, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ rẹ̀ di ẹrù, wọ́n gba ilẹ̀ Haúsá lọ, àwọn mìíràn sì rìn dé Góòlù Kóòsì, èyí tí a ń pè ní Gánà lónìí. Wọ́n ṣòwò níbẹ̀, wọ́n kọ́lé, wọ́n bímọ. Ṣùgbọ́n ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Dókítà Busia pàṣẹ pé kí gbogbo àlejò tí kò ní ìwé ìyọ̀ǹda kúrò ní Gánà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Òwò tí ẹlòmíràn fi ogún ọdún kọ́ bàjẹ́ ní ọ̀sẹ̀ méjì, nítorí ìwé kan ṣoṣo.

Ẹ̀kọ́ mẹ́ta ni ó wà nínú ìtàn yìí. Èkíní, ibi tí ọ̀nà ńlá yóò gbà, ọ̀nà jíjìn ni a ti ń pinnu rẹ̀, àwọn tí ó kàn kì í sì í sí níbẹ̀. Èkejì, ọ̀nà kékeré tí a là sí ọ̀nà ńlá lè gba ìlú kan là. Ẹ̀kẹta, ẹni tí ìwé kò bá sí lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀nà lè dí mọ́ ọn lójijì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ẹ̀kọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ́kàn bí a ti ń lọ.

ỌNÀ TUNTUN TÍ Ó GBA ÌSÀLẸ̀ ÒKUN

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé inú òfuurufú nìkan ni ọ̀rọ̀ fóònù ń gbà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Wáyà ni ìpìlẹ̀ rẹ̀: wáyà gíláàsì tín-ínrín bí irun orí, tí ìmọ́lẹ̀ ń gbé ọ̀rọ̀ kọjá nínú rẹ̀, tí a dì sínú ìbòrí tí ó nípọn, tí a sì tẹ́ sí ìsàlẹ̀ òkun. Ní ọdún 2010, ilé-iṣẹ́ MainOne, tí ọmọbìnrin Ilé-Olújì kan, Arábìnrin Funke Opeke, dá sílẹ̀, tẹ́ irú wáyà bẹ́ẹ̀ láti ilẹ̀ Portugal dé Èkó. Gígùn rẹ̀ tó 7,000 kìlómítà. Láti Èkó ni a ti ń tẹ́ wáyà mìíràn gba ẹ̀bá títì lọ sí Ìbàdàn àti sí àwọn ìlú òkè. Àwọn òpó gíga tí ẹ ń rí ni ó ń gbà á, tí wọ́n sì ń pín in fún àwọn fóònù tí ó wà nítòsí wọn.

Ṣé ẹ wá rí i pé ọ̀nà ni lóòótọ́? Ó ní ibi tí ó gbà, ó sì ní ibi tí kò gbà. Ilé-iṣẹ́ tí ó ni òpó ń wá èrè, nítorí náà ibi tí oníbàárà pọ̀ sí ni ó ń ri òpó mọ́. Ẹni tí ó ń gbé ní àárín ìlú Ọ̀yọ́ tàbí nítòsí yunifásítì ní Ògbómọ̀ṣọ́ lè rí ojú ẹni tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù nínú fóònù rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá wọ inú àwọn abúlé Oríire, Sùúrùlérè, Ògo-Olúwa tàbí Afijìó, ọ̀pọ̀ ibi ni ó wà tí ènìyàn ní láti jáde nílé, kí ó lọ sí ibi gíga kan, kí nẹ́tíwọ̀kì tó dé. Bí iná ìjọba kò bá sì sí, owó ni aráalé yóò tún san kí a tó bá a fi iná sínú fóònù náà.

Kí àwọn ọmọdé má bàa rò pé báyìí ni ayé ti rí láti ọjọ́ pípẹ́, ẹ jẹ́ kí n rán wọn létí. Ṣáájú ọdún 2001, gbogbo ìlà fóònù tí ó wà ní Nàìjíríà kò ju nǹkan bí ìdajì mílíọ̀nù lọ. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2001, ìjọba àpapọ̀ ta ìwé àṣẹ fún àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù alágbèéká ní 285 mílíọ̀nù dọ́là fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní oṣù kẹjọ ọdún náà, àwọn fóònù wọ̀nyí bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Náírà 50 ni ìpè ìṣẹ́jú kan nígbà náà, ẹni tí ó bá sì sọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá péré yóò san owó ìṣẹ́jú kan gbáko. Ní ọdún 2003 ni ilé-iṣẹ́ Globacom dé, tí ó ní ìwọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá tí ènìyàn bá lò ni òun yóò gba owó rẹ̀. Àwọn yòókù tẹ̀lé e, ìpè sì di ohun tí àgbẹ̀ lè rà.

Èyí fi hàn pé iye owó ọ̀nà kì í ṣe àdámọ́. Ènìyàn ni ó ń pinnu rẹ̀. Ó lè wálẹ̀, ó sì lè gòkè. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025, NCC, àjọ tí ó ń ṣàkóso iṣẹ́ fóònù, fún àwọn ilé-iṣẹ́ náà láyè láti fi owó kún iye tí wọ́n ń gbà, tí àfikún náà kò gbọdọ̀ ju 50 nínú 100 lọ. Fún olówó, ìyẹn kò ju ìpòṣé kan lọ. Fún akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń fi owó oúnjẹ ra dátà, ọ̀rọ̀ ńlá ni.

IṢẸ́ TÍ Ó DÉ ÀTI IṢẸ́ TÍ Ó LỌ

Ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà díẹ̀ rántí àwọn tí wọ́n ń jókòó sábẹ́ agboòrùn lẹ́bàá títì ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn, tí wọ́n ń ta ìpè fún ẹni tí kò ní fóònù. Ọ̀pọ̀ obìnrin àti ọ̀dọ́ ni iṣẹ́ náà bọ́. Kò pẹ́ tí gbogbo ènìyàn fi ra fóònù tiwọn, iṣẹ́ náà sì parẹ́. Lónìí, abẹ́ agboòrùn kan náà ni àwọn oní-POS jókòó sí, tí wọ́n ń san owó fún ni. Kò sí ẹni tí ó mọ bí iṣẹ́ yìí náà yóò ti pẹ́ tó. Akọ̀wé onítàípù, ẹni tí ó ń fọ fọ́tò ní yàrá òkùnkùn, ẹni tí ó ń ta kásẹ́ẹ̀tì orin: ẹ̀rọ ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ gbogbo wọn. Bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ títún fóònù ṣe, iṣẹ́ yíya àwòrán sórí kọ̀ǹpútà, àti iṣẹ́ kíkọ òfin fún kọ̀ǹpútà dé láàárín wa. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tí a ti dá yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ sílẹ̀ ní ọdún 1990, èyí tí a wá fi orúkọ Olóyè Ládòkè Akíntọ́lá pè, a ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n dáadáa lè jókòó sí ilé rẹ̀, kí ó máa ṣiṣẹ́ fún ọ̀gá tí ó wà ní Amẹ́ríkà.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo bí èrè ti ń pín. Ọ̀yọ́ ni ìlú àwọn tí ń fín igbá, àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ awọ, àti àwọn tí ń ṣe ìlù. Igbá tí a fín dáadáa lè wu ẹni tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí ní Brazil, fóònù sì lè gbé àwòrán rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ olúwarẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan. Bí ẹni tí ó fín igbá náà bá mọ bí a ti ń ya àwòrán, tí ó mọ bí a ti ń gba owó, tí ó sì mọ bí a ti ń fi ẹrù ránṣẹ́, tirẹ̀ ni èrè. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, ẹlòmíràn yóò ra igbá náà lọ́wọ́ rẹ̀ ní owó pọ́ọ́kú, òun ni yóò sì fi àwòrán rẹ̀ pe oníbàárà. Ọwọ́ tí ó di ọ̀bẹ ni ó ṣe iṣẹ́. Ọwọ́ tí ó di fóònù ni ó gba èrè.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ kaṣú ní agbègbè Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹni tí ó wá rà á lóko ti wo iye tí wọ́n ń rà á ní ìlú òkèèrè kí ó tó kúrò nílé. Àgbẹ̀ tí kò mọ iye náà ń ná ọjà nínú òkùnkùn. Kì í ṣe pé àgbẹ̀ náà gọ̀. Ọ̀rọ̀ tí ẹnìkejì gbọ́ ni kò dé etí tirẹ̀.

A kò gbọdọ̀ fi ibi tí ó burú pamọ́. Àwọn ọ̀dọ́ wa kan ti fi ọ̀nà yìí ṣe ọ̀nà jìbìtì, èyí tí wọ́n ń pè ní yahoo. Òfin tí a ṣe ní ọdún 2015 lòdì sí ìwà ọ̀daràn orí ẹ̀rọ kò fojú ire wò ó, àwọn EFCC sì ti mú ènìyàn léraléra ní àwọn ìlú wa. Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ tí kò níṣẹ́ bá gbé mọ́tò wálé, ẹ bi í léèrè kí ẹ tó súre fún un.

OWÓ TÍ A KÒ LÈ FỌWỌ́ KÀN

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2022, Báńkì Àpapọ̀ kéde pé òun yóò yí àwọ̀ owó 200, 500 àti 1,000 náírà padà. Ọjọ́ 31 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023 ni wọ́n fi òpin sí ìlò ti àtijọ́, wọ́n sì tún sún un sí ọjọ́ 10 oṣù kejì. Owó àtijọ́ wọ báńkì. Tuntun kò jáde tó. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ojú yín rí. Ẹni tí ó ní owó ní báńkì kò rí náírà 1,000 gbà. Ní ọ̀pọ̀ ibi, àwọn oní-POS ń gba náírà 20 tàbí 30 lórí ọgọ́rùn-ún kí wọ́n tó san owó fún ènìyàn. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹta ni Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ pàṣẹ pé kí owó àtijọ́ ṣì máa ṣiṣẹ́ títí di òpin ọdún 2023.

Ta ni ó jìyà jù nínú ọ̀ràn yìí? Ẹni tí ó ní fóònù ńlá tí báńkì wà nínú rẹ̀ fi owó ránṣẹ́ nígbà tí nẹ́tíwọ̀kì bá jẹ́ kí ó lọ. Ṣùgbọ́n ìyá tí ń ta ẹ̀fọ́, ẹni tí owó ọwọ́ nìkan ni ó mọ̀, ń wo ẹ̀fọ́ rẹ̀ bí ó ti ń rọ. Oníbàárà wà, ọjà wà, owó tí yóò so àwọn méjèèjì pọ̀ ni kò sí. Kò sí ẹni tí ó béèrè lọ́wọ́ irú ìyá bẹ́ẹ̀ kí a tó gbé ètò náà kalẹ̀. Ẹ̀kọ́ kìíní ti ọ̀nà irin nìyẹn.

Ẹ̀kọ́ kẹta náà tún fara hàn. Ní oṣù kẹrin ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ pàṣẹ pé kí a dí ìpè mọ́ gbogbo síìmù tí a kò tíì so pọ̀ mọ́ nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí à ń pè ní NIN. Ó lé ní 72 mílíọ̀nù ìlà tí ọ̀rọ̀ náà kàn. Èrò ìjọba ni láti dí ọ̀nà mọ́ àwọn ajínigbé, ohun rere sì ni. Ṣùgbọ́n arúgbó tí kò lè rin ìrìn-àjò lọ tò fún NIN kò jí ẹnikẹ́ni gbé; fóònù tirẹ̀ náà di èyí tí kò lè pe ọmọ rẹ̀.

Ní ayé àtijọ́, ẹni tí kò mọ ìwé a máa lọ bá akọ̀wé kí ó bá a kọ lẹ́tà, kí ó sì bá a ka èsì rẹ̀. Àṣírí rẹ̀ wà lọ́wọ́ akọ̀wé, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ wà nínú àpò ara rẹ̀. Lónìí, ìyá tí kò lè ka àlẹ́ẹ̀tì ń gbé káàdì fún ẹlòmíràn, ó sì ń sọ nọ́ńbà àṣírí rẹ̀ sí i létí. Àṣírí àti owó ti wà pọ̀ lọ́wọ́ ẹnìkan. Ibi tí àìmọ̀wé ti ń wọ́n ni jù lọ nìyí, ó sì wọ́n ju bí ó ti wọ́n àwọn baba wa lọ.

ỌMỌ ABÚLÉ NÍNÚ GBỌ̀NGÀN ÌDÁNWÒ

Ní ọdún 2013 ni JAMB, ìgbìmọ̀ tí ó ń ṣètò ìdánwò àtiwọ yunifásítì, bẹ̀rẹ̀ sí í lo kọ̀ǹpútà fún ìdánwò rẹ̀; láti ọdún 2015, kọ̀ǹpútà nìkan ni gbogbo ọmọ fi ń ṣe é. Ó ní àǹfààní: èsì tètè ń jáde, ó sì ṣòro ju ti àtijọ́ lọ láti jí ìbéèrè wò. Ṣùgbọ́n ẹ ro ti ọmọ méjì. Ọ̀kan ní kọ̀ǹpútà nílé láti kékeré. Ìkejì, ọmọ àgbẹ̀, kò tíì fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí títí di ọjọ́ ìdánwò. Ìṣirò kan náà ni wọ́n mọ̀. Ìwé kan náà ni wọ́n kà. Bí èkejì ti ń wá ibi tí yóò tẹ̀, aago ń lọ. Máàkì tí yóò gbà yóò sọ pé kò mọ̀wé tó ẹnìkíní, irọ́ sì ni.

Ẹ̀rọ náà a sì máa ṣàṣìṣe. Ní ọdún 2025, àtúnṣe kan tí ó yẹ kí a ṣe sí àwọn ẹ̀rọ tí ó ń ṣiṣẹ́ fún Èkó àti àwọn ìpínlẹ̀ Ìlà-oòrùn Gúúsù ni a kò ṣe, máàkì àwọn ọmọ sì wálẹ̀ láìjẹ́ ẹ̀bi wọn. Ọ̀gá JAMB, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ìsíáàkà Olóyèdé, jáde sí gbangba, ó sọkún, ó sì gba ẹ̀bi náà. Ọmọ 379,997 ni wọ́n ní kí ó wá tún ìdánwò ṣe. Ó yẹ kí a yìn ín pé ó jẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé ariwo àwọn òbí àti àwọn ọmọ, tí ó ti oríṣiríṣi ibi jáde lẹ́ẹ̀kan náà, ni ó mú kí a tètè yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ẹ̀rọ bá ṣẹ ọmọ kan ṣoṣo ní abúlé kan, ta ni yóò gbọ́? Nítorí náà, ẹ má gbà láé pé ohun tí kọ̀ǹpútà bá ti sọ, abẹ ti gé e. Ènìyàn ni ó ṣe é. Ènìyàn ni a ó bi léèrè.

OHÙN WA NÍNÚ Ẹ̀RỌ

Kí n tó dé ibi ìmọ̀ràn, ó yẹ kí n sọ rere tí ọ̀nà yìí ti ṣe fún àwọn kan tí a sábà máa ń gbàgbé. Ní ìlú Ọ̀yọ́ ni kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba àpapọ̀ wà tí ó ń kọ́ àwọn olùkọ́ tí yóò kọ́ àwọn tí ojú wọn kò ríran àti àwọn tí etí wọn kò gbọ́ràn. Fún ẹni tí kò gbọ́ràn, fóònù tí a ń fi ìwé ránṣẹ́ lórí rẹ̀ jẹ́ ohùn tuntun. Fún ẹni tí kò ríran, ẹ̀rọ wà lónìí tí ó ń ka ìwé síta sí i létí. Ẹni tí ayé ń sọ̀rọ̀ kọjá lórí rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti di ẹni tí ń dá sí ọ̀rọ̀.

Ṣùgbọ́n èdè wo ni ẹ̀rọ náà ń kà? Gẹ̀ẹ́sì ni ó gbọ́ jù. Ní ọdún 2013 ni Google fi Yorùbá kún àwọn èdè tí ẹ̀rọ rẹ̀ ń túmọ̀. Àwọn ẹ̀rọ tí ń dá ọ̀rọ̀ kọ fúnra wọn lóde òní, inú ohun tí ènìyàn ti kọ sílẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ èdè. Bí a bá kọ Yorùbá ní ìkọkúkọ, tí a kò fi àmì sí i, báwo ni ẹ̀rọ yóò ṣe mọ ọkọ yàtọ̀ sí ọkọ̀, tàbí ọkọ́ yàtọ̀ sí ọ̀kọ̀? Àyàn tí ó ń lu dùndún ní ààfin kì í pe álífábẹ́ẹ̀tì kankan, ohùn nìkan ni ó ń lù, a sì ń gbọ́ ọ. Ìwé orí fóònù wa ń ṣe òdìkejì rẹ̀: ó kọ álífábẹ́ẹ̀tì, ó fi ohùn sílẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ máa fi àmì sí èdè yín. Èdè tí a kò bá kọ dáadáa, ẹ̀rọ yóò kọjá lára rẹ̀ bí irin ti kọjá lára wa.

OHUN TÍ Ó YẸ KÍ A ṢE

Mo ti sọ pé ọ̀nà kékeré ni ó ń so ẹni tí a fi sílẹ̀ pọ̀ mọ́ ọ̀nà ńlá. Àwọn ọ̀nà kékeré tí ó wà ní ìkáwọ́ wa nìwọ̀nyí.

Èkíní: ẹ pa nọ́ńbà àṣírí yín mọ́. Ẹ kọ́ bí a ti ń tẹ̀ ẹ́ fúnra yín; nọ́ńbà mẹ́rin péré ni, ìyá tí ó lè ṣírò owó ọjà lè mọ̀ ọ́n. Ẹ má sọ ọ́ fún oní-POS, ẹ má sì sọ ọ́ fún ẹni tí ó bá pè yín lórí fóònù tí ó ní òṣìṣẹ́ báńkì ni òun. Báńkì kì í béèrè rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń tajà, ẹ má gbé ọjà fún ẹnikẹ́ni nítorí àlẹ́ẹ̀tì tí ó fi hàn yín lórí fóònù tirẹ̀. Ẹ dúró kí owó wọ àkáǹtì yín.

Èkejì: kí àgbà àti ọmọdé ran ara wọn lọ́wọ́. Àwọn àgbà sọ pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Ọmọ tí ó mọ fóònù ń lò kí ó kọ́ ìyá rẹ̀ àgbà, kí ó má sì fi ṣe yẹ̀yẹ́. Kí àgbà náà sì kọ́ ọmọ ní ọgbọ́n ọjà àti ìṣọ́ra, èyí tí kò sí nínú fóònù kankan.

Ẹ̀kẹta: kí ẹgbẹ́ àwọn ọmọ ìlú kọ̀ọ̀kan ronú bí wọn yóò ti fi kọ̀ǹpútà díẹ̀ sí ilé ìwé-kíkà tàbí ilé-ìwé girama, pẹ̀lú agbára iná oòrùn tí yóò gbé e. Kò pọn dandan kí ó pọ̀. Kọ̀ǹpútà mẹ́ta tí àwọn ọmọ ń fi kọ́ ìdánwò ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ sàn ju ọgbọ̀n tí a tì mọ́ yàrá ọ̀gá lọ. Ní ọdún 1955, nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, àwọn ará ìlú kò fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún ìjọba. Ọ̀pọ̀ ni ó kó ọwọ́ jọ láti kọ́ ilé-ìwé. Irú ìṣe bẹ́ẹ̀ ni àkókò yìí ń béèrè.

Ẹ̀kẹrin: kí àwọn àgbẹ̀ àti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ má ṣe dá nìkan ná ọjà. Bí ẹgbẹ́ onikaṣú abúlé kan bá yan ọ̀dọ́ olóòótọ́ kan, tí ó ń wo iye ọjà ní òwúrọ̀ tí ó sì ń kéde rẹ̀ fún gbogbo wọn, fóònù kan ti ṣiṣẹ́ fún ogójì ènìyàn.

Ẹ̀karùn-ún: bí a bá fi ìyà jẹ yín, ẹ sọ ọ́. Bí ilé-iṣẹ́ fóònù bá gba owó yín láìtọ́, ẹ kọ́kọ́ sọ fún wọn. Bí wọn kò bá dáhùn, ẹ pe 622, nọ́ńbà ọ̀fẹ́ ti àjọ NCC. Bí owó bá sọnù ní báńkì, ẹ lọ síbẹ̀ kíákíá, kí ẹ sì gba ìwé ẹ̀rí pé ẹ ti fi ẹjọ́ sùn. Bí ìlú yín kò bá ní òpó, kí àwọn ìjòyè àti káńsẹ́lọ̀ kọ ìwé, kí wọ́n má sì kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ẹ̀yin ará mi, nígbà tí wọ́n ń tẹ́ irin lọ sí Òṣogbo, àwọn baba wa kò ní ibi tí wọn yóò ti sọ tẹnu wọn. Àwa ní in. A ní ìbò, a ní ẹgbẹ́, a ní ìwé ìròyìn, a sì ní ilé ìwé-kíkà tí a jókòó sí yìí. Ọ̀nà tuntun náà kò tíì parí. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ṣì ń tẹ́ ẹ. Ẹ jẹ́ kí a sọ ibi tí a fẹ́ kí ó gbà nígbà tí ọ̀rọ̀ ṣì wà ní sísọ.

Bí ìbéèrè bá wà, kí ẹni tí ó ka ọ̀rọ̀ yìí kọ ọ́ sílẹ̀, kí ó sì fi ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì Ìròyìn tí ó wà nítòsí.